Ta Ló Gbà Á Wá?

Lẹ́tà kan péré ni: A. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí kékeré kan lórí àtẹ, níbi tí orúkọ ike kan àti orúkọ kẹ́míkà kan ti pàdé. A ni pé ike náà máa fara da kẹ́míkà náà. B ni pé ó máa fara dà á dé ìwọ̀n kan. C, kí èèyàn ṣọ́ra. D, kí èèyàn má dán an wò. Lórí lẹ́tà yẹn ni wọ́n ń ra táǹkì tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà ásíìdì, lórí rẹ̀ náà ni wọ́n ń yan páìpù tó máa gba òkè orí àwọn òṣìṣẹ́ kọjá. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ, àwọn tó ń po bílíìṣì, àwọn tó ń fi ásíìdì fọ irin kí wọ́n tó kùn ún, láti Ọ̀tà títí dé Agbárá, wọ́n á pè mí pé, "Ẹnjiníà, ike wo ló máa gbà á?" Wọn kì í fẹ́ àlàyé. Lẹ́tà ni wọ́n fẹ́.

Ó ti pẹ́ tí lẹ́tà yẹn ti ń bá mi jà. Ẹnì kan tí n kò rí rí, ní ìlú tí n kò dé rí, ló ní "ó dára." Kí ló fún mi láṣẹ láti gbà á gbọ́? Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ: kí ló fún mi láṣẹ láti lọ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn bí ẹni pé èmi ni mo rí i?

Aáfà ni bàbá mi ní Ìwó. Ilé wa kì í ṣófo. Bí kò bá jẹ́ àwọn ọmọ kéwú, á jẹ́ àwọn oníwàásí tó ń kọjá lọ. Bí àlejò kan bá ti bẹ̀rẹ̀ pé "Ànábì sọ pé...", bàbá mi á jẹ́ kó sọ ọ́ tán, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á wá ní, "Ta ló gbà á wá?" Wọn kì í fi ìbínú bi í. Bí àlejò bá dárúkọ Bukhari tàbí Muslim, àwọn tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ sínú ìwé, wọ́n á ní kó tún un kà kí àwọn gbọ́ ọ dáadáa. Bó bá ní orí rédíò lòun ti gbọ́ ọ, wọ́n á ní ká gbé oúnjẹ fún un.

Ẹni tí kò jókòó ní ilé kéwú lè má mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe wúwo tó. Ọ̀rọ̀ Ànábì Muhammad, tí wọ́n ń pè ní hadíìsì, kì í dá rìn. Ẹ̀wọ̀n orúkọ ló ń fà á bọ̀: Lágbájá gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Tàmẹ̀dù, Tàmẹ̀dù gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Làkáṣègbè, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó ti Ànábì tó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Isnad ni wọ́n ń pe ẹ̀wọ̀n yìí. Ìṣòro ló sọ ọ́ di dandan. Lẹ́yìn tí Ànábì ti fi ayé sílẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í hun ọ̀rọ̀ sí Ànábì lẹ́nu nítorí ìjà oyè, nítorí ẹ̀yà, nítorí ọjà pàápàá. Hadíìsì irọ́ kan wà tó ń yin ikàn, àfi bí ẹni pé ọlọ́jà ikàn ló jókòó hun ún. Nígbà tí Bukhari fi máa kú ní ọdún 870, ìmọ̀ nípa àwọn olùgbàwá ti di ìmọ̀ ńlá tó dá dúró: ìlú wo ló gbé, ta ló bá pàdé, ṣé ó máa ń gbàgbé, ṣé ẹnu rẹ̀ mọ́? Àwọn aáfà fẹ́ràn ìtàn kan, pé Bukhari rin ọ̀nà jíjìn lọ gba hadíìsì lẹ́nu ọkùnrin kan, ó bá a níbi tó ti ń fi àpò òfìfo tan ẹṣin rẹ̀ wá sọ́dọ̀, ó sì yí padà láìbi í léèrè ohunkóhun, nítorí ẹni tó ń tan ẹranko lè tan èèyàn. Bàbá mi náà máa ń sọ ọ́. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ta ló gba ìtàn yẹn gan-an wá, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá bi A náà léèrè bẹ́ẹ̀.

Níbi tó bá ti dára jù, yàrá àyẹ̀wò ló ti wá. Wọ́n á gé ike náà sí ègé pẹlẹbẹ, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á rì í sínú kẹ́míkà. Ìlànà àgbáyé tó ń jẹ́ ISO 175 ní kí ó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24, tàbí ọ̀sẹ̀ kan, tàbí ọ̀sẹ̀ 16. Ooru tí wọ́n sábà máa ń lò jẹ́ dígírì 23. Lẹ́yìn náà wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún un wọ̀n. Ṣé ó wú? Ṣé ó fúyẹ́? Ṣé àwọ̀ rẹ̀ yí? Bí wọ́n bá fà á, ṣé ó ṣì le bó ṣe le tẹ́lẹ̀? Èsì tó ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà. Nọ́ńbà ni, ó sì pọ̀. Ẹlòmíràn ló máa jókòó lẹ́yìn náà, tó máa fún gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyẹn pọ̀ títí wọ́n á fi di A, ohun tó sì gbọ́dọ̀ jù nù kí wọ́n tó lè wọ inú àpótí kékeré yẹn kò kéré.

Ooru ni ohun àkọ́kọ́ tó ń jábọ́. Dígírì 23, nínú ilé ta ni l'Ékòó? Táǹkì dúdú tó wà ní gbangba nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ẹ lọ fọwọ́ kàn án ní agogo méjì ọ̀sán. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń díwọ̀n nǹkan, pé bí ooru bá fi dígírì 10 gòkè, ohun tí kẹ́míkà ń ṣe á yára tó ìlọ́po méjì. Ohun tó gba ọdún púpọ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò tútù kò ní gba ọdún púpọ̀ ní Agbárá.

Agbára kẹ́míkà náà a máa jábọ́. Ike kan wà tó ń jẹ́ PEEK, ó wọ́n gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tó lè ṣe é. Nínú ásíìdì sulphuric tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, á jókòó jẹ́ẹ́. Nínú èyí tí kò ní omi, á yọ́ pátápátá. Orúkọ kan náà ni ásíìdì méjèèjì ń jẹ́ lórí ọ̀pọ̀ àtẹ.

Ìnira ló wá burú jù, nítorí ojú kì í rí i. Ègé ike tí wọ́n rì sínú ìgò wà nínú ìrọ̀rùn. Kò sẹ́ni tó fi bóòtì dè é, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́, kò gbé ẹrù kankan. Polycarbonate, ike tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì ààbò ojú, lè wà nínú omi kẹ́míkà kan kí ohunkóhun má ṣe é. Ẹ fi bóòtì mú un mọ́lẹ̀ kí ẹ sì da omi kan náà lé e lórí, ẹ lè bá a tó ti sán káàkiri. Kẹ́míkà nìkan kò tó pa á, ìnira nìkan kò tó pa á. Àwọn méjèèjì pọ̀ ló pa á. Ìlànà mìíràn, ISO 22088, wà fún irú èyí: wọ́n á tẹ ègé náà kọdọrọ kí wọ́n tó fi kẹ́míkà kàn án. Ṣùgbọ́n àtẹ tó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ kì í sábà sọ èyí tó ti wá nínú méjèèjì.

Nígbà mìíràn, òtítọ́ gan-an ni A náà, ohun tí wọ́n bi í nìkan ni kì í ṣe ohun tí èèyàn fẹ́ mọ̀. Ẹ wo sodium hypochlorite, ìyẹn bílíìṣì. Ó bá PVC rẹ́ dáadáa. Àmọ́ fáàfù tó ní bọ́ọ̀lù nínú, bí wọ́n bá tì í, ó máa ń dá bílíìṣì díẹ̀ dúró sínú ihò bọ́ọ̀lù yẹn. Bílíìṣì ò dúró lójú kan. Ó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ oxygen ń jáde lára rẹ̀, kò sì ríbi gbà. Fáàfù á bú gbàmù. Àwọn tó mọ̀ ń lu ihò kékeré kan sára bọ́ọ̀lù náà kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà jáde. Kò sí lẹ́tà kankan lórí àtẹ tó máa sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. PTFE náà ńkọ́, èyí tí Roy Plunkett ṣèèṣì rí ní New Jersey ní ọjọ́ 6 oṣù Igbe, ọdún 1938, nígbà tó gé sílíńdà gáàsì tó kọ̀ tí kò tú jáde, tó sì bá ìyẹ̀fun funfun nínú rẹ̀? Lórí àtẹ, A ni láti òkè délẹ̀. Ẹ fi ṣe èdìdì láàárín irin méjì kí ẹ dì í le: á máa yọ́ sá díẹ̀díẹ̀ kúrò lábẹ́ ohun tó ń tẹ̀ ẹ́, títí omi á fi rí àyè jò. Kẹ́míkà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ hadíìsì náà mọ èyí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yẹ ẹ̀wọ̀n wò, wọ́n á tún yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò: kí ni wọ́n sọ, fún ta ni, nígbà wo, lórí kí ni? Ẹ̀wọ̀n lè ní àlàáfíà kí èèyàn sì ṣi ọ̀rọ̀ náà lò.

Àwọn oníbàárà mi ní èsì kan tí wọ́n máa ń fún mi. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, kì í ṣe àtẹ kan ló sọ ọ́ o. Gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀." Téèyàn bá kọ́kọ́ wò ó, èsì tó lágbára ni. Nínú ìmọ̀ hadíìsì, bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá gba ọ̀rọ̀ kan wá ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó fi jẹ́ pé wọn kò lè ti pàdé gbìmọ̀ irọ́, mutawatir ni wọ́n ń pè é, iyèméjì ti tán lórí rẹ̀. Mo wá to àtẹ oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lóòótọ́ ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Àní orúkọ kẹ́míkà kan tí wọ́n ṣì kọ, lọ́nà kan náà ni gbogbo wọn ṣì í kọ. Lẹ́tà kan náà ló fò nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ló kọ ọ́, àwọn tó kù dà á kọ. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tó wọ aṣọ oríṣiríṣi. Kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi mọ́ ẹni tó jẹ́, ọdún tó rì í sínú ìgò, tàbí bóyá ó rì í rárá.

Bẹ́ẹ̀ iye ẹlẹ́rìí kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Hadíìsì àníyàn, èyí tí Bukhari fi ṣí ìwé rẹ̀, tí ọmọ kéwú kankan kì í kọ́ gbẹ̀yìn, ẹni kọ̀ọ̀kan ló gbé e dúró níbẹ̀rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ Umar, tó gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì, Alqama nìkan. Láti ọ̀dọ̀ Alqama, Muhammad ọmọ Ibrahim nìkan. Láti ọ̀dọ̀ ìyẹn, Yahya ọmọ Sa'id nìkan. Ẹ̀yìn Yahya ló tó tàn ká ayé. Okùn tín-ín-rín ni, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé ó ní àlàáfíà, nítorí wọ́n mọ ẹni kọ̀ọ̀kan tó di okùn náà mú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwé àyẹ̀wò kan ṣoṣo, tó ní orúkọ ẹni tó ṣe é, agbára kẹ́míkà, ìwọ̀n ooru, iye ọjọ́ àti ohun tí wọ́n wọ̀n, mo fẹ́ ẹ ju àádọ́ta àtẹ tó fohùn ṣọ̀kan lọ. Àwọn oníbàárà rò pé agídí ni.

Kí ni wọ́n ń wò lára olùgbàwá? Nǹkan méjì: òdodo rẹ̀, àti bó ṣe ń pa ohun tó gbọ́ mọ́. Olóòótọ́ tó máa ń gbàgbé, wọ́n á bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n á ní kó máa gbàdúrà fún àwọn, wọn ò ní gba hadíìsì lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé ibí yìí ni àwọn tó ń fi gbogbo ẹnu bú àwọn olùṣe ike ti ń ṣì í. Púpọ̀ nínú wọn kò purọ́. Wọ́n kàn kọ "PVC" síbẹ̀, láìsọ bóyá PVC líle tí wọ́n fi ń ṣe páìpù ni àbí PVC rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe họ́ọ̀sì, èyí tó ní òróró tó mú un rọ̀ nínú, tí àwọn kẹ́míkà kan sì lè fà jáde títí họ́ọ̀sì á fi gan.

Ọkùnrin kan wà nínú ìtàn hadíìsì tí mi ò lè gbàgbé nítorí iṣẹ́ yìí. Ibn Lahi'a ni, adájọ́ ní Íjíbítì, ó kú ní ọdún 790. Àwọn onímọ̀ ní ìwé rẹ̀ jóná, láti ìgbà náà ló ti ń da ọ̀rọ̀ pọ̀. Wọn kò wá sọ gbogbo ohun tó sọ nù. Wọ́n ń bi olùgbàwá léèrè: ìgbà wo lo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ṣáájú iná ni àbí lẹ́yìn iná? Ike náà ní iná tirẹ̀. Orúkọ kan náà lè wà lára rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, kí olùṣe ti yí ohun tó ń pò mọ́ ọn padà láàárín: àwọ̀ mìíràn, òògùn mìíràn tó ń dènà ogbó, ibòmíràn tí wọ́n ti ń ra ohun èlò. Àyẹ̀wò ti ìgbà àtijọ́ ló ṣì wà lórí àtẹ. Nígbà tí mo bá béèrè ọdún tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, àwọn tó ń tajà máa ń rò pé mò ń wá ọ̀nà láti dín owó kù.

Ní Amẹ́ríkà, ìdáhùn wọ́n fún wọn lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi polybutylene ṣe páìpù omi sínú ilé. Omi lásán ni, omi ẹ̀rọ tí ìlú ń pèsè. Àmọ́ klorín díẹ̀ wà nínú omi náà láti pa kòkòrò, díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí. Ọdún ń gorí ọdún, klorín ń jẹ páìpù àti àwọn ìsopọ̀ ike tó so wọ́n pọ̀. Páìpù ń sán, ilé ń kún fún omi. Ní 1995 ni wọ́n parí ẹjọ́ kan ní Tennessee pẹ̀lú àdéhùn 950 mílíọ̀nù dọ́là. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilé onílé kí òtítọ́ tó jáde, a sì mọ bí ọ̀sẹ̀ 16 ṣe gùn mọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní kí n yé da ara mi láàmú. Ó mú ìwé Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo fún mi, èyí tó jáde ní 1986, lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa sọ̀rọ̀ lọ títí lórí ohun tí èèyàn lè ní òun mọ̀. Ohun tí àwọn oníṣègùn sọ ṣe kedere: ohun tí ojú ẹni rí ni èèyàn mọ̀, ohun tí wọ́n sọ fúnni, èèyàn gbà á gbọ́ ni, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kó máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣó o rí i? O ò mọ nǹkan kan. O gbà á gbọ́ ni. Lọ sùn."

N kò lè sùn lórí ìyẹn. Bó bá jẹ́ ohun tí mo fojú rí nìkan ni mo lè dúró lé, mi ò ní lè ra ìgò kan. Ohun tí mo fojú rí pàápàá kò tó nǹkan. Al-Ghazali, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kú ní 1111, ti bi àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ayé ìgbà rẹ̀ léèrè nípa òwú àti iná: ẹ rí i pé òwú jó nígbà tí iná kàn án, ṣé ẹ rí i pé iná ló jó o? Ohun tí ojú rí ni pé méjèèjì ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ọlọ́hun ló ń dá jíjó náà, ìṣe Rẹ̀ tí kì í sábà yí padà sì ni àwa ń pè ní ìwà iná. Ibn Rushd, onímọ̀ ọgbọ́n orí tó dá a lóhùn lẹ́yìn náà, kò gbà fún un rárá, èmi náà kò sì ní kí ẹnikẹ́ni ti ọwọ́ bọ ásíìdì láti fi wádìí ọ̀rọ̀ al-Ghazali. Ṣùgbọ́n ó bá mi wí. Ẹni tó dúró ti ìgò fún ọ̀sẹ̀ 16, tó rí i pé ike kò wú, ohun tó rí nìyẹn: ike yìí, kẹ́míkà yìí, ooru yìí, ọjọ́ wọ̀nyí. Bó bá ti ṣí ẹnu pé "ike yìí máa fara dà á," ó ti kúrò ní ẹlẹ́rìí, ó ti bọ́ sínú ìgbàgbọ́ pẹ̀lú èmi tí n kò sí níbẹ̀. Lójú mi, àwa méjèèjì ò jìnnà síra wa tó bí ọ̀rẹ́ mi ṣe rò. Ohun tó kù ni pé kó sọ ohun tó rí gẹ́lẹ́ fún mi, kí n sì sọ ọ́ gẹ́lẹ́ fún ẹni tó kàn. Ìfọkàntán ni, àmọ́ ìfọkàntán tó ní orúkọ.

Níbo la ti lè gba ẹ̀rí tó lẹ, èyí tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lágbára? Nítorí ó di dandan. Ẹnikẹ́ni kò ní gbogbo àyẹ̀wò tó fẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀, an-Nawawi wà lára wọn, gbà pé hadíìsì tó lẹ, bí kò bá ti lẹ jù, ṣe é lò fún ìṣírí sí iṣẹ́ rere, pé kí èèyàn ṣe ìrántí Ọlọ́hun sí i tàbí kó ta ọrẹ sí i. Wọn kò gbà á láti fi sọ nǹkan di ẹ̀tọ́ tàbí èèwọ̀. Àwọn mìíràn kọ̀ ọ́ pátápátá, bàbá mi sì ń tẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ìyẹn, wọ́n ní ẹni tó bá fàyè gba irọ́ kékeré nítorí rere ti ṣí ilẹ̀kùn. Níbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ an-Nawawi ni mo wà. Àrọ ike tí wọ́n fi ń da ọṣẹ olómi sínú ìgò, lẹ́tà A tí kò ní baba tó fún un. Bó bá sán, wọ́n á ra òmíràn. Táǹkì ásíìdì tí èèyàn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, páìpù tó lọ lókè ibi tí àwọn obìnrin ti ń di ọṣẹ sínú páálí, n kò ní fi lẹ́tà tí kò ní baba fọwọ́ sí i. Níbẹ̀ ni ẹ̀tọ́ àti èèwọ̀ wà.

Oníbàárà kan ní Agbárá fẹ́ fi ike kan ṣe táǹkì fún ohun ìfọrin tó ń pò fúnra rẹ̀, tí kò sí lórí àtẹ kankan. Ó ní kí n kàn wo ásíìdì tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kí n fún òun ní lẹ́tà. Mo ní kó fún mi ní jálá kan nínú omi náà gan-an, kí n ri ègé ike sínú rẹ̀, kí n tẹ àwọn kan kọdọrọ, kí n fi àwọn kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nínú ooru ibi tí táǹkì máa jókòó sí, fún ọ̀sẹ̀ 16. Ó ní àwọn tó fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ òun ò ní dúró. A dúnàádúrà lórí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń ra aṣọ lọ́jà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fún mi. Nígbà tí mo parí, ìwé tí mo fún un gba ojú méjì: ohun tí mo wọ̀n, bó ṣe rí ṣáájú, bó ṣe rí lẹ́yìn, orúkọ mi nísàlẹ̀. Ó ka gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ ò kọ A síbẹ̀." Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo kọ síbẹ̀.